"Ara Rẹ̀ Kò Gbà Á": Gbólóhùn Kan, Àìsàn Méjì

Ní Olódò, bí oògùn bá da ẹnìkan láàmú, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé: "Ara rẹ̀ kò gbà á." Ẹ jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn yìí wò, nítorí nǹkan méjì ni ó pa pọ̀.

Èkínní ni ti kilorokúìnì, tí àwọn òbí wa fi ń wo ibà kí ìjọba tó fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2005. Ara á máa yún ẹlòmíràn bí ẹni tí ó fara kan wèrèpè, ṣùgbọ́n kì í sábà sú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó tán.

Èkejì ni ti pẹnisílíìnì. Ẹ̀ṣọ́ ara àwọn kan á ṣì í mú ní ọ̀tá. Bí ó bá tún wọlé, wọn á gbógun tì í. Ara á lé, ojú á wú, mímí á ṣòro. Ó sì lè pa ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹnìkan bá ní ara òun kò gba oògùn kan, ẹ bi í pé: "Yíyún nìkan ni, àbí ojú wú, mímí sì ṣòro?" Ìdáhùn yẹn ni kí ó sọ fún dókítà.

Mo dábàá "ìyún oògùn" fún èkínní, àti "àṣìgbógun ara" fún èkejì. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá.