Owó Ọjọ́ Tí Ẹja Kò Gbé Ìwọ̀

Atọ́nà apẹja ni ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀ gbé ẹlòmíràn lọ sójú omi láti dẹ ẹja fún ìgbádùn, tí kì í ṣe fún ọjà. Ní Florida Keys, àwọn erékùṣù tó tò tẹ̀lé ara wọn ní gúúsù Florida ní Amẹ́ríkà, baba ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí. Ẹja mẹ́ta ni àwọn oníbàárà ń torí rẹ̀ wá sí ibi tí omi ò ti jìn níbẹ̀: tarpon, bonefish àti permit. Ìbéèrè tó ń dá ìjà sílẹ̀ ní èbúté ni pé, bí ilẹ̀ bá ṣú tí oníbàárà kò mú ẹyọ ẹja kan, ṣé atọ́nà ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀? Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ alẹ́ àná ló ti yẹ kó fìdí ẹ̀tọ́ yẹn múlẹ̀, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ òní.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́ atọ́nà kan dá gbogbo owó padà fún oníbàárà tó lo wákàtí mẹ́jọ lójú omi láìrí nǹkan mú. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í polówó pé lọ́dọ̀ òun, ẹni tí kò bá rí ẹja kò ní sanwó. Àwọn èèyàn yìn ín, wọ́n ní olóòótọ́ ni. Ìyìn yẹn ló burú ju ohun tó ṣe lọ. Ọmọ náà ò purọ́, kò sì jalè, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹja ni òun ń tà. Atọ́nà kì í ta ẹja. Kódà, púpọ̀ nínú ẹja tí wọ́n ń mú nínú omi yẹn, wọ́n ń dá wọn padà láàyè ni.

Ọjọ́ kan ni oníbàárà ń rà. Epo wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, adójútòfò náà wà nínú rẹ̀. Kí Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà tó fún èèyàn ní ìwé àṣẹ tó kéré jù láti gbé èrò tó ń sanwó, tí èrò náà kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́fà lọ, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ 360 lójú omi. Ìwé àṣẹ tí atọ́nà ń gbà lọ́wọ́ ìjọba Florida ló tún ń bo oníbàárà, tí kò fi ní láti gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kan ojú tó ń rí òjìji ẹja lábẹ́ omi, àti apá tó ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti orí pèpéle kékeré tó wà lókè ẹ́ńjìnnì, kí ẹja má baà gbọ́ ariwo. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ń padà wá nítorí pé ẹja kọ ìdẹ.

Ẹja sì ní ìdí tó fi ń kọ ìdẹ. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù keje ni tarpon ńláńlá ń kọjá níbẹ̀ jù. Ẹni tó bá wá lóṣù kejìlá ń wá ohun tó ti lọ. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá fẹ́ wá láti àríwá, bonefish á kúrò níbi tí omi ò jìn, wọ́n á lọ sínú ọgbun. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, òtútù mú ní Florida débi pé ó pa ẹja lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ìkùukùu lásán ló ń bo oòrùn, tí ẹja wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ojú ò rí i. Ọjọ́ tó tún pọ̀ ju gbogbo ìyẹn lọ ni ọjọ́ tí atọ́nà wá ẹja rí nígbà márùn-ún, tí oníbàárà ju ìwọ̀ lé e lórí nígbà márààrún, tí ẹja sì sá.

Ẹni tó bá ṣèlérí pé bí kò bá sí ẹja kò sí owó, ó ti kó ara rẹ̀ sínú tẹ́tẹ́. Bí mànàmáná bá ń kọ lókè, tó yẹ kó sáré wálé, yóò ní kí àwọn tún dúró díẹ̀, nítorí owó òun ṣì wà nínú omi. Yóò fi ẹ́ńjìnnì la àárín koríko abẹ́ omi kọjá kó lè tètè débòmíràn, ojú ọgbẹ́ tí àjẹ̀ ẹ́ńjìnnì bá sì dá sára koríko yẹn ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jinná. Yóò gbé tarpon sókè kúrò nínú omi fún fọ́tò kí oníbàárà lè ní ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ òfin Florida sọ pé èyí tó bá gùn ju ínǹṣì 40 lọ gbọ́dọ̀ wà nínú omi. Ta ni yóò yin olóòótọ́ náà lọ́jọ́ yẹn?

Iṣẹ́ tí wọ́n pa tì ni ọ̀rọ̀ alẹ́ àná. Ọ̀gá tí òǹkọ̀wé yìí kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í sùn láìtíì pe oníbàárà ọjọ́ kejì lórí fóònù. Á bi í léèrè ẹja tó ń wá, bó ṣe mọ ìwọ̀ í jù tó, á sọ ohun tí ojú ọjọ́ ń wí, á wá bi í lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Bí a ò bá rí ẹja kankan lọ́la, kí lẹ máa sọ nípa owó mi?" Lójú ọmọṣẹ́ ìgbà náà, ṣe ni ọ̀gá ń lé oníbàárà lọ. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà kan: ọkùnrin kan gbọ́ ìbéèrè yẹn, ó ní òun ò wá mọ́. Inú ọmọṣẹ́ bàjẹ́. Ọ̀gá ń ká okùn ìwọ̀ lọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tó lọ lónìí yẹn, òun ni ìbá bá wa jà lọ́la."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọmọṣẹ́ yẹn kọ́kọ́ dá gbé oníbàárà. Ó rẹ̀ ẹ́ lálẹ́, kò pe ẹnikẹ́ni. Ìjì fẹ́ láti àárọ̀ dọ̀sán, omi dàrú bí ẹrẹ̀, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n bá dé, oníbàárà sì jókòó sórí ìtì igi ní èbúté, ó ní òun ò ní san kọ́bọ̀. Ọ̀gá gbọ́, kò bínú, kò dá sí owó. Ìbéèrè kan péré ló bi í: "Kí lo sọ fún un lálẹ́ àná?" Ó ti pẹ́ tí ọ̀gá náà ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ń dún létí títí dòní nígbàkigbà tí ìjà owó bá bẹ́ sílẹ̀ ní èbúté.

Àwọn òǹkọ̀wé náà mọ ìrora yìí. Ernest Hemingway, tó gbé ní Key West ní Florida Keys, fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, To Have and Have Not, tó jáde lọ́dún 1937. Oníbàárà kan níbẹ̀ fi ọkọ̀ Harry Morgan, akọni ìwé náà, dẹ ẹja ní Havana, ó fi àìbìkítà sọ ọ̀pá ìwọ̀ olówó gọbọi nù sómi, ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ láìsan gbèsè tó jẹ. Àìlówó tó bá Morgan lẹ́yìn náà ló tì í sínú òwò tí kò mọ́. Morgan mọ omi dunjú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí gbèsè ga kó tó béèrè.

Èyí kò sọ pé owó kì í padà rárá. Bí atọ́nà bá pẹ́ dé, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú láàárín òkun, bó bá gbàgbé ìdẹ sílé, wákàtí tó bá sọnù kì í ṣe ti oníbàárà, kó dín owó náà kù láìjẹ́ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Bó bá rí i láàárọ̀ pé ojú ọjọ́ burú, tó sì fagi lé ìrìn náà fúnra rẹ̀, kó dá owó àsansílẹ̀ padà pátá tàbí kó fún wọn ní ọjọ́ mìíràn. Bí ìjì bá lé wọn wálé lọ́sàn-án, ìlàjì ọjọ́ ni kó gbà. Iṣẹ́ tí wọn ò ṣe ni wọ́n ń dá owó rẹ̀ padà, kì í ṣe ẹja tí kò jẹun. Atọ́nà tó bá sì fẹ́ fi wákàtí kan kún un fún oníbàárà tó jẹ́ èèyàn dáadáa, inú rere ni, kó má kàn sọ ọ́ di àdéhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ alẹ́ àná ti ń ṣòro jù ni ọ̀dọ̀ oníbàárà tó gba ọwọ́ hòtẹ́ẹ̀lì wá. Òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ti sọ fún un pé ẹja pọ̀ bí iyanrìn, ó ti fi fọ́tò hàn án, ó sì ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Atọ́nà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, òun ni wọ́n sì máa di ọ̀rọ̀ náà mọ́ lọ́rùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kó gba nọ́ńbà oníbàárà lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò fún un, kó dúró dè é ní èbúté láàárọ̀, kó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ọkọ̀, kó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó ṣì lè padà sílé.