Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́: BÍ ÒBÍ BÁ Ń GBA ÌTỌ́JÚ JẸJẸRẸ

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ti ìwé owó nìkan. Ó jẹ mọ́ ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, tó sì ń fi ara hàn nínú ìwé ẹgbẹ́ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí a bá ń yẹ ìwé wò, a máa ń rí ọmọ ẹgbẹ́ tó ti ń san owó rẹ̀ déédéé tó wá ṣàdéédé dẹ́kun. Bí a bá wádìí, ó lè má jẹ́ ìwà ọ̀lẹ, ó sì lè má jẹ́ ìwà àjẹgbé. Bàbá tàbí ìyá ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, tí ọmọ kan ṣoṣo sì ń dá ru ẹrù náà.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òkété kì í bí ọmọ kan ṣoṣo.

1. Kí a mọ ohun tí a ń bá jà

Jẹjẹrẹ kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. A lè bá aláìsàn jẹun, a sì lè bá a gbé yàrá kan. Nítorí náà, kò sí ìdí tí a ó fi ya àwo òbí wa sọ́tọ̀ tàbí tí a ó fi lé àwọn ọmọ-ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

A kì í fi ojú lásán mọ jẹjẹrẹ. Dókítà máa ń gé díẹ̀ nínú ibi tó wú, wọn a sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ìwé àbájáde àyẹ̀wò yìí ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Ọ̀nà ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ jùlọ jẹ́ mẹ́ta: iṣẹ́ abẹ, oògùn tí a ń fà sí iṣan, àti ìtànṣán. Ẹlòmíràn lè gba méjì, tàbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oògùn náà sábà máa ń wà fún ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 21. Ìtànṣán sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó. Ẹni tó bá ti ìlú mìíràn lọ gba ìtànṣán ní láti wá ibi tí yóò máa sùn. Owó ilé yìí wà lára owó ìtọ́jú, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

2. Ìpàdé ẹbí

Kí ẹbí tó ná kọ́bọ̀, ẹ pe ìpàdé, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń ṣe. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹ yan akápò tí yóò máa tọ́jú rìsíìtì. Ẹ yan àwọn tí yóò máa sùn ti aláìsàn, àti àwọn tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí ilé ìwòsàn bá béèrè. Ẹni tí kò lówó kì í ṣe aláìwúlò. Ẹni tó sùn lórí ẹní lẹ́bàá wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́wàá ti san ìdá tirẹ̀.

Kí òbí fúnra rẹ̀ wà nínú ìpàdé náà bí ara rẹ̀ bá gbé e. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ fẹ́ fi orúkọ àìsàn náà pa mọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni, ẹ̀mí rẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe é kò lè mọ ìdí tí a fi ń fún un ní oògùn tó ń mú un bì, kíákíá ni yóò sì kọ̀ ọ́.

3. Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ. Iye tí a lò yìí jẹ́ ti ẹ̀kọ́ nìkan. Ẹ béèrè iye tòótọ́ ní ilé ìwòsàn yín. Ìyá kan ní ọmọ mẹ́rin. Yóò gba oògùn nígbà mẹ́fà, ọjọ́ 21 sí ara wọn. Fún ìgbà kọ̀ọ̀kan:

Oògùn: ₦120,000
Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: ₦15,000
Ọkọ̀ àti oúnjẹ: ₦25,000
Àpapọ̀: ₦160,000

Fún ìgbà mẹ́fà, ó di ₦960,000. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó ní ₦300,000 nínú ìfipamọ́, òfin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbà kí ó yá ìlọ́po méjì rẹ̀, èyí tí í ṣe ₦600,000. Ó ku ₦360,000. Ọmọ tó wà ní òkè òkun fi ₦200,000 ránṣẹ́, ọmọ kejì mú ₦100,000 wá, ìyá fúnra rẹ̀ sì ní ₦60,000 nínú àjọ.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn a sáré yá gbogbo owó lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ₦360,000 tó wà nílẹ̀ tó fún ìgbà méjì àkọ́kọ́, yóò sì ṣẹ́ ku ₦40,000. Ìgbà kẹta bọ́ sí ọjọ́ 43. Nígbà náà ni ẹbí yóò nílò owó ẹgbẹ́: ₦600,000 àti ₦40,000 yóò sì ká ìgbà mẹ́rin tó kù. Kí àkọ́bí kọ ìwé ìbéèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí ìgbìmọ̀ lè múra sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó gba owó náà nígbà tí ó bá tó lò ó. Èlé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò ní bẹ̀rẹ̀ kí àǹfààní rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí èlé bá jẹ́ ₦10 lórí ₦100, gbèsè náà di ₦660,000, tàbí ₦55,000 lóṣù fún oṣù 12. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé ẹbí: àkọ́bí ₦20,000, ọmọ kejì ₦15,000, ọmọ òkè òkun ₦20,000. Ọmọ kẹta tí kò níṣẹ́ ni yóò máa sùn ní ilé ìwòsàn. Orúkọ àkọ́bí ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n gbèsè gbogbo wọn ni.

4. Òtítọ́ sí ẹgbẹ́ àti sí onígbọ̀wọ́

Ẹ má ṣe kọ “owó ọjà” sínú ìwé ìbéèrè nígbà tó jẹ́ owó ilé ìwòsàn. Onígbọ̀wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó ń gba ọwọ́ lé lórí, nítorí ìfipamọ́ tirẹ̀ ni a ó fi di àlàfo bí owó bá wọ́n. Bí nǹkan bá yí padà, ẹ tọ ìgbìmọ̀ lọ kí oṣù tó parí. Ó rọrùn fún ìgbìmọ̀ láti fa àkókò gùn fún ẹni tó wá ṣàlàyé ju fún ẹni tó ń sá.

Ẹ béèrè nípa ìdójútòfò ìlera pẹ̀lú. Òfin NHIA ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè ohun tí tiyín san àti ohun tí kò san kí àìsàn tó dé.

5. Ohun tí olùtọ́jú ní láti ṣọ́

Oògùn jẹjẹrẹ máa ń dín agbára ara láti bá kòkòrò àrùn jà kù. Bí ara òbí bá gbóná tó 38 lórí tẹmómítà, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹni tó ń kó èébì tàbí ìgbẹ́ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn oògùn gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Irun tó jábọ́ sábà máa ń hù padà.

Ní ti àgbo, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó fún un. Òmíràn lè ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́, ó sì lè bá oògùn jà.

Ìgbà mìíràn wà tí dókítà yóò sọ pé ìwòsàn kò ṣeé ṣe mọ́. Ìtọ́jú kò parí níbẹ̀. Oògùn wà tí ń dín ìrora kù gidigidi, ẹ̀ka kan sì wà ní UCH, Ìbàdàn, fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Kí ẹbí béèrè lọ́wọ́ dókítà ohun tí owó tó kù lè ṣe, kí wọ́n tó ta ilé. Òbí tó sinmi láìsí ìrora, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì bá ara wọn jà, ti rí ìtọ́jú gbà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ṣé òfin ẹgbẹ́ wa fi àyè sílẹ̀ fún owó yíyá pàjáwìrì? Ọjọ́ mélòó ni ó ń gbà?
2. Ṣé a lè fún ọmọ ẹgbẹ́ ní owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìtọ́jú bá ti ń lọ?
3. Ta ni nínú wa tó ń tọ́jú aláìsàn báyìí, tí a kò tíì bẹ̀ wò?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé. A ó béèrè rẹ̀ nígbà tí a bá dé.