Owó Ìbọn Kọ́ Ni Ìnáwó Ìbọn

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kan níbí ní Texas, èyí tí owó rẹ̀ kò ju nǹkan bí dọ́là 200 lọ, kí o lè máa fi yìn àfojúsùn oníbébà lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá rẹ ti figbe ta láti Ìbàdàn. Èmi ò ní kígbe. Eré ìdárayá tí òfin ilẹ̀ yìí gbà ni, ẹni tó bá sì ń ṣe é bó ṣe yẹ, sùúrù ló ń kọ́. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni bí owó yóò ṣe jáde lápò rẹ. Nínú gbogbo ohun tí o máa rà, ìbọn ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

Kọ́kọ́ yẹ ìwé ìgbélùú rẹ wò. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti ìbẹ̀wò ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi díẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Kódà ìbọn tí wọ́n yá ọ ní pápá ìyìnbọn fún wákàtí kan lè di ẹjọ́. Ọ̀rẹ́ tó ní “kò sí wàhálà” kò ní bá ọ jókòó níwájú adájọ́. Lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú ni kí o bi. Bí o bá ti ní Green Card tàbí o ti di ọmọ ìlú, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé o gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21 kí oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì tó lè ta ìbọn ìléwọ́ fún ọ. Wàá kọ fọ́ọ̀mù 4473, wọn yóò sì yẹ orúkọ rẹ wò nínú ètò tí FBI ti ń lò láti 1998. Òótọ́ ni kí o kọ síbẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà yóò bi ọ́ bóyá ìwọ gan-an lo ń rà á. Má ṣe bá ẹnikẹ́ni tí wọn kò ní tà fún ra ìbọn láéláé. Yóò bi ọ́ nípa igbó pẹ̀lú; ẹni tó ń mu igbó, kó jìnnà sí ìbọn. Ẹni tó ní Green Card tí kóòtù dá lẹ́bi lórí ọ̀ràn ìbọn, wọ́n lè lé e padà sílé pátápátá.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ̀kọ́ ló kàn. Ọ̀pọ̀ pápá ìyìnbọn ló ń yáni ní ìbọn, tí wọ́n sì ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lọ gba ẹ̀kọ́, kí o sì yá oríṣiríṣi wò. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ìbọn tó ń yin ọta .22 fún ọ, torí kì í ta ọwọ́ sẹ́yìn púpọ̀. Ẹni tó bá fi èyí tó le bẹ̀rẹ̀ a máa di ojú kó tó fà á, àṣà yẹn kì í sì í tètè kúrò lára.

Ọ̀rọ̀ ìbọn gan-an wá dé. Ìbọn olówó pọ́ọ́kú ní ìtàn tí kò dùn. Nígbà tí òfin 1968 dí ọ̀nà mọ́ àwọn ìbọn kéékèèké tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ kan dìde ní agbègbè Los Angeles, wọ́n ń fi àdàlù síńkì ṣe tiwọn. Ẹ̀rù pé ìbọn lè já bọ́ kó sì dún fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí California ṣòfin ní 1999 pé ìbọn ìléwọ́ tuntun tí wọn yóò máa tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìjábọ́.

Ti òde òní ti yàtọ̀. Hi-Point tí wọ́n ń ṣe ní Ohio ṣì ń lo àdàlù síńkì. Ó wúwo, kò sì rẹwà, àmọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé ìbọn náà. Iléeṣẹ́ Ruger gbé ìbọn Wrangler jáde ní 2019, Heritage sì ní Rough Rider. Àwọn méjèèjì ń yin ọta .22, ilé ọta wọn ń yí, gbogbo ìgbà tí o bá sì fẹ́ yìn ni wàá kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn. Irú ẹ̀ ni mo máa yàn fún ọ. Kò jẹ́ kéèyàn kánjú, ìkánjú ló sì ń ba ìyìnbọn jẹ́. Bó bá jẹ́ àlòkù lo máa rà, gba nọ́ńbà ara rẹ̀, kí o bi iléeṣẹ́ tó ṣe é bóyá wọ́n ti pè é padà fún àtúnṣe.

Ó tún kan owó ọta. Bí ọta 9mm kan bá jẹ́ sẹ́ǹtì 25, tí o sì ń yin 100 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni owó ọta yóò fi bá owó ìbọn dọ́gba. Ọta .22 kì í sábà tó ìdajì iye yẹn. Ṣírò ìdétí mọ́ ọn, torí ìró ìbọn ìléwọ́ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140 lọ, etí tó bá sì lọ kì í padà. Ṣírò awò ààbò. Ṣírò àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tí ì ká gbogbo èyí, owó rẹ̀ kò tí ì ká ìbọn.

Àwọn baba wa ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ìbọn sí òun? Jeff Cooper, ológun Amẹ́ríkà kan, fi òfin mẹ́rin sílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ pápá ń tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ló sì fi bẹ̀rẹ̀: ka gbogbo ìbọn sí èyí tó ní ọta nínú. Má kọjú ẹnu rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ bà jẹ́. Má fọwọ́ kan apátí títí ojú rẹ yóò fi wà lórí àfojúsùn. Mọ ohun tí o ń yìn àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá fa apátí tí ìbọn kò sì dún, jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ṣì kọjú sí àfojúsùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó o tó ṣe nǹkan kan. Bí o bá parí, fọ ọwọ́ àti ojú kó o tó jẹun, kí o sì pààrọ̀ aṣọ kó o tó gbé ọmọ ọwọ́, torí eruku òjé ń bẹ lára rẹ.

Nínú ilé, inú àpótí títì ni kó wà. Ní Texas, ẹni tó bá fi ìbọn tó ní ọta síbi tí ọwọ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 17 ti tó o lè jẹ́jọ́. Ọmọdé nìkan kọ́ ni mo ń bẹ̀rù fún. Ó lé ní ìdajì àwọn tí ìbọn ń pa ní Amẹ́ríkà lọ́dún tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa ara wọn. Bí iṣẹ́ bá bọ́, bí ìyàwó bá lọ, bí òru bá gùn jù, gbé ìbọn náà kúrò nílé kí o sì pè mí, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru.

Má fi ìbọn náà ya fọ́tò sórí WhatsApp. Láti 2021, Texas ti gba ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láyè láti gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n eré pápá lo sọ pé o fẹ́. Pápá ni kó mọ. Má dì í sínú ẹrù tó ń lọ sílé pẹ̀lú, nítorí òfin Nàìjíríà ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i. Rántí Ìlú Ọba: lẹ́yìn tí ọkùnrin kan fi ìbọn ìléwọ́ pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní 1996, òfin 1997 gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ṣeré wọ́ọ́rọ́wọ́ pẹ̀lú. Ìwà ẹnìkan a máa kan gbogbo ẹgbẹ́.

Bó bá sú ọ lọ́jọ́ kan, má tà á fún ẹni tí o kò mọ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Gbé e padà fún oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì, kí o gba rìsíìtì. A ò ní fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.