Omi Ìṣápá Mọ Ohun tí Ahọ́n Kò Gbọdọ̀ Tọ́ Wò

Ẹ̀kọ́ wa ti òní, inú ilé ìdáná ni a ó ti ṣe é. Kò gba owó púpọ̀. Ẹ wá ìṣápá pupa gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sobo, ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, eérú igi láti ìdí àdògán, kán-ún díẹ̀, àti ife funfun mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ife náà funfun, torí àwọ̀ ni a fẹ́ wò.

Ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní kẹ́mísìrì. Kì í ṣe nǹkan àwọn tó lọ sí yunifásítì nìkan. Àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Wọ́n á sun èèpo kòkó gbígbẹ, wọ́n á da omi sí eérú rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi omi náà se àdín. Àdín nìkan kò lè fọ aṣọ, ńṣe ni yóò bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n bí omi eérú bá bá a pàdé lórí iná, ohun mìíràn tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn ni yóò jáde.

Ó yá, ẹ da omi gbígbóná ife méjì sórí ìṣápá, kí ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi tutù, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Omi náà á pupa fòò. Ẹ fi ṣíbí bu eérú sínú abọ́ mìíràn, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kí ó rọlẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ sẹ́ omi tó wà lókè. Ẹ má fi ọwọ́ lásán pò ó.

Ẹ bu omi ìṣápá ṣíbí kọ̀ọ̀kan sínú ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkíní: pupa rẹ̀ á tún mọ́ sí i. Ẹ da omi òjò sí ìkejì: á kàn fẹ́lẹ́ ni. Ẹ máa kán omi eérú sí ìkẹta díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kánjú. Ó lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, nítorí omi ìṣápá fúnra rẹ̀ kan, kíkan yẹn ni omi eérú sì ní láti kọ́kọ́ borí. Bó bá yá, pupa náà á ṣókùnkùn, á wá di àwọ̀ ewé. Ẹ tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i: pupa á padà wá! Àmọ́ bó bá ti pẹ́ jù, kò ní padà mọ́, torí omi eérú a máa ba àwọ̀ náà jẹ́.

Àwọn onímọ̀ ń pe irú ohun kíkan bẹ́ẹ̀ ní ásíìdì, wọ́n sì ń pe irú omi eérú ní álíkálì. Inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ kejì yìí ti wá, eérú ni ó sì jẹ mọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1664, Robert Boyle, tí a bí ní ilẹ̀ Ireland, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọ̀ pé omi òdòdó kan tó ní àwọ̀ aró a máa pupa bí ásíìdì bá kàn án, a sì máa di àwọ̀ ewé bí álíkálì bá kàn án. Òdòdó tirẹ̀ ò sí lọ́jà wa, ìṣápá wà ńbẹ̀.

Kán-ún tó ń mú ẹ̀wà tètè jinná, álíkálì ni òun náà. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, á hó. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀, òun kan náà ló ń mú ẹmu hó nínú akèrègbè. Ẹ má ṣe é nínú ìgò tí ẹ dé pa o. Ìgò lè bẹ́.

Kí ló dé tí a fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Nítorí sódà tí àwọn alọ́ṣẹ ń rà lọ́jà ni. Álíkálì ni, agbára rẹ̀ sì ju ti eérú lọ fíìfíì. Bó bá ti yọ́ sínú omi, ńṣe ló dà bí omi mímu, kò sì ní òórùn. Àwọn ọmọdé ti mu ún nínú ife àti nínú ìgò mínírà. Ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Bí egbò náà bá sì ń jinná, ọ̀fun lè fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ ò ní lè kọjá mọ́.

Ẹni tó ti rí bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe borí omi eérú nínú ife lè rò pé kí òun fún ọmọ tó mu sódà ní ọsàn. Rárá o! Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ooru ni wọ́n ń mú wá. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fipá mú un bì, nítorí bíbì á tún jó o lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání. Bó bá ta sí ojú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà: SÓDÀ. MÁ MU Ú. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ agolo rẹ̀, kí ẹ gbé agolo náà sókè. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé ò lè ka bébà yẹn, nítorí náà gbígbé e sókè ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ da omi inú ife wọ̀nyẹn nù, ẹ má mu ún. Lọ́la, ẹ fi omi ìṣápá tó kù dán omi ògì kíkan, omi iyọ̀ àti omi ọṣẹ dúdú wò. Ẹ kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ kọ àwọ̀ tí ẹ rí síwájú rẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.