Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀: Kí Ni "Leave" Túmọ̀ Sí?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan ní Barnfield Estate, ní Woolwich níbí. Ó ṣí lẹ́tà tó ti ọ̀dọ̀ Home Office wá. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kan tó mọ̀ dáadáa: "leave." Ohun tí òun mọ̀ ni pé "leave" túmọ̀ sí kí ènìyàn kúrò níbì kan. Àyà rẹ̀ já. Ó ní, "Wọ́n ti ní kí n máa lọ!" Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó bá a níbi tó ti ń sunkún. Ọmọ ka lẹ́tà náà, ó sì ní, "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. 'Leave to remain' ni wọ́n kọ. Wọ́n ní kí ẹ máa gbé ibí ni."

Báwo ni ọ̀rọ̀ kan náà ṣe lè túmọ̀ sí "máa lọ" àti "o lè dúró"? Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ nìyẹn.

Orúkọ kan, ìdílé méjì

Nínú èdè wa, ohùn ló máa ń là wá. Ọkọ obìnrin, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọkọ́ tí a fi ń roko àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù: ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí ọ̀rọ̀ kan ká ni a ó fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìdílé méjì ni "leave" ti wá nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Èkíní túmọ̀ sí kí a fi nǹkan sílẹ̀, kí ó ṣẹ́ kù. Láti ibẹ̀ ni "kúrò" ti wá, nítorí ẹni tó fi ibì kan sílẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Èkejì túmọ̀ sí ìyọ̀ǹda. Nígbà tó yá, ìró àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Wọn kì í ṣe ìbejì. Wọ́n kàn jọra ni.

Bí a ṣe ń lò ó

1. Kúrò tàbí gbéra. "The bus leaves at eight": aago mẹ́jọ ni bọ́ọ̀sì yóò gbéra.

2. Fi sílẹ̀. "Leave the key with your neighbour": fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ.

3. Ṣẹ́ kù. Bí nǹkan bá ti kọjá, "leave" á di "left." "She has left": ó ti lọ. "Two are left": méjì ló ṣẹ́ kù. Ẹ ò rí i pé "left" kan náà ń sọ nípa ẹni tó lọ àti ohun tó kù!

4. Ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, irú bí "annual leave" àti "maternity leave." Ìdílé ìyọ̀ǹda nìyí: ọ̀gá yọ̀ǹda kí òṣìṣẹ́ má wá. Ní ilẹ̀ yìí, òfin fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ 28 lọ́dún.

5. Ìyọ̀ǹda ìjọba. Òfin ìwọ̀lú ti ọdún 1971 ló lo "leave to enter" fún ìyọ̀ǹda láti wọlé, àti "leave to remain" fún ìyọ̀ǹda láti dúró. Ẹni tó bá ní Bíbélì King James nílé lè wo Jòhánù 19:38. "Leave" tí Pílátù fún Jósẹ́fù ará Arimatíà níbẹ̀, ìyọ̀ǹda ni.

Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí "your leave," "limited leave" tàbí "granted leave," ìyọ̀ǹda ni. Bí ẹ bá rí "you must leave," kúrò ni. "Indefinite leave" sì ni ìyọ̀ǹda tí kò ní ọjọ́ ìparí. Síbẹ̀, bí ẹni tó ní in bá lo ju ọdún méjì lọ léraléra lẹ́yìn odi, ó sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ó ti léwu

Bí ènìyàn bá kọ̀wé béèrè fún ìyọ̀ǹda tuntun kí ọjọ́ ti àtijọ́ tó pé, apá 3C nínú òfin 1971 yẹn jẹ́ kí ti àtijọ́ máa bá a lọ títí ìpinnu yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá jáde kúrò ní ilẹ̀ Britain nígbà tó ń dúró, èyí tí òfin bá a sún síwájú yẹn ti parí. Ẹ gbọ́ ọ o: ẹni tó bá "leave" á pàdánù "leave"! Nítorí náà, bí ọ̀fọ̀ tàbí ìgbéyàwó bá pè yín sí Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ béèrè kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ta ni kí ẹ bi? Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ òfin. Ẹ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, tàbí agbaninímọ̀ràn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àjọ tí wọ́n ń pè ní OISC títí di ọdún 2025. Àwọn ọmọ wa lè bá wa ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí.

Ẹ dán ara yín wò

Kí ni "leave" tàbí "left" túmọ̀ sí níbí?
(a) "Leave the door open."
(b) "Your leave ends in May."
(d) "There is no rice left."

Ìdáhùn: (a) fi sílẹ̀, (b) ìyọ̀ǹda tàbí ìsinmi, ẹ wo ẹni tó kọ lẹ́tà náà, bóyá ọ̀gá ni tàbí ìjọba, (d) ṣẹ́ kù.

Bí lẹ́tà bá tún dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo já yín láyà. Ẹ ka gbólóhùn náà dé òpin.