Ọ̀rọ̀ Tó Ṣe Pàtàkì Kì Í Gbé Ìlà Kejìdínlógún

Bó bá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ máa kà lónìí, ẹ ka èyí: ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni kó ṣáájú nínú ohun tí ẹ bá kọ. Bí mo ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rèé.

Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó sí Manchester níbí, mo kọ àlàyé gígùn ránṣẹ́ sí Àǹtí mi ní Ìbàdàn nípa àwọn oníjìbìtì orí fóònù. Gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, kò sí ibi tí ojú ti lè sinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹnì kan pè wọ́n, ó ní òṣìṣẹ́ báńkì lòun, kí wọ́n ka nọ́ńbà àṣírí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn. Wọ́n kà á fún un. Bí owó ọjà ṣe lọ nìyẹn.

Mo ní, "Àǹtí, ṣebí mo kọ ọ́ sí yín?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo rí i pé ó pọ̀, mo ní màá padà wá kà á." Mo lọ wo ohun tí mo kọ. Gbólóhùn tí ì bá gbà wọ́n wà ní ìlà kejìdínlógún.

Ojú kì í kà á tán

Ẹ̀bi Àǹtí kọ́. Lọ́dún 1997, Jakob Nielsen tó ń ṣèwádìí lórí bí èèyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà sọ pé nínú àwọn tí wọ́n dán wò, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló kàn máa ń sáré fojú wo ojú ìwé tuntun. Ìdá 16 péré ló ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2006, ilé iṣẹ́ rẹ̀ tọpa ojú èèyàn 232. Ìrìn ojú wọn sábà máa ń jọ lẹ́tà F: ó lọ gbọọrọ lókè, ó lọ díẹ̀ nísàlẹ̀ ìyẹn, ó wá gba ẹ̀gbẹ́ òsì wálẹ̀.

Kí la wá máa ṣe?

1. Ẹ fi kókó ṣáájú. Ìtàn àti àlàyé lè tẹ̀ lé e.

2. Èrò kan, ìpínrọ̀ kan. Ìlà mẹ́rin lórí kọ̀ǹpútà lè di mẹ́wàá lójú fóònù.

3. Ẹ lo àkọlé gidi. Bí ẹ bá kàn mú lẹ́tà dúdú kirikiri, ojú ló mọ̀ pé àkọlé ni, kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Ẹ yan Heading. Afọ́jú tó ń lo ẹ̀rọ tó ń kàwé sétí lè ti orí àkọlé kan fò sí òmíràn, bí àkọlé bá jẹ́ gidi.

4. Ẹ ṣọ́ lẹ́tà dúdú kirikiri lò. Bí gbogbo ará ilé bá ń pariwo, ta la máa gbọ́?

Lẹ́tà tiwa ń dé fìlà, ó tún ń wọ bàtà

Ẹ wo ẹ́ àti ọ̀: àmì wà lórí, àmì wà lẹ́sẹ̀. Bí ìlà bá fún pọ̀, fìlà ti ìsàlẹ̀ á máa kan bàtà ti òkè, ọkọ̀ á sì fẹ́ jọ ọkọ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà. Ìwọ̀n 1.5 dára.

Ohun mìíràn tún ni pé Unicode ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹ ni, a wá fi àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí ò bá mọ bó ṣe yẹ kó so wọ́n pọ̀ á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹ́, ọ̀ àti ṣ, kí ẹ wò ó lójú fóònù kí ẹ tó yan fọ́ǹtì.

Àtúnkọ

Mo tún ọ̀rọ̀ Àǹtí kọ ní ìlà mẹ́ta:

Báńkì kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí.
Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni.
Bí wọ́n bá pè, ẹ gé e, kí ẹ pè mí.

Mi ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí èsì fi dé: "Mo ti kà á. Mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jà."

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé: ẹ ṣí ọ̀rọ̀ gígùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé kẹ́yìn, kí ẹ ka iye ìlà tó ṣáájú kókó rẹ̀. Bó bá ju méjì lọ, ẹ tún un kọ lónìí. Ó dìgbà kan ná.