Akika: Ẹ̀kọ́ Nípa Oògùn Tí A Fi Ìwà Ẹranko Ṣe

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko kan ni a fẹ́ kọ́ lónìí, ṣùgbọ́n yóò mú wa dé ìsọ̀ lẹ́kùlẹ́jà, yóò sì mú wa dé èbúté Àpápá. Akika ni ẹranko náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọdẹ láìtíì fi ojú kàn án láàyè, nítorí òru ni ó ń jẹ̀.

Akika kò ní eyín rárá. Ahọ́n gígùn tí itọ́ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ni ó ń nà sínú ilé èèrà àti ti ikán láti kó wọn jẹ. Kò mọ eré í sá, kò sì le bu ọ̀tá jẹ. Ìpẹ́ líle ni Ẹlẹ́dàá fi ṣe asà fún un. Bí ẹkùn bá yọ sí i, a ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká, a fi orí àti ikùn pamọ́ sí àárín. Bí ó bá ní ọmọ lọ́wọ́, a ká ara yí ọmọ náà ká. Ẹkùn a yí i síhìn-ín, a yí i sọ́hùn-ún, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Àwọn àgbà wa wo èyí, wọ́n sì fi ṣe oògùn. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà, a gbọ́ pé wọ́n ń lò ó fún ààbò, fún ìfarasin, fún àgàn, àti kí aboyún le bí ní ìrọ̀rùn. Ohun tí ẹranko fi ń là ni ènìyàn fẹ́ fi là. Irú ìrònú yìí náà ni ó gbé ọ̀gà tí ń pa àwọ̀ dà àti ahun tí ń gbé inú ilé ara rẹ̀ dé orí àtẹ lẹ́kùlẹ́jà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni. Ní ọdún 1796 ni Samuel Hahnemann, oníṣègùn ará Jámánì, kọ̀wé pé ohun tí ó le mú ara líle ṣàìsàn ni yóò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn. Ní 1828 Constantine Hering mú oró ejò ńlá kan ní Suriname, ó sì fi ṣe oògùn ní ìlànà yìí. Wọ́n mú oyin pẹ̀lú oró rẹ̀, wọ́n sì mú omi dúdú tí ẹ̀dá inú òkun kan ń tú jáde láti fi sá fún ọ̀tá. Wọn a bu ìpín kan sínú ọgọ́rùn-ún, wọn a tún bu ìpín kan nínú èyí sínú ọgọ́rùn-ún mìíràn, nígbà mìíràn títí di ìgbà 30, débi pé kò sí oró kankan mọ́ nínú ohun tí aláìsàn ń lá. Ní 2015 ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera ti ìjọba Australia yẹ iṣẹ́ wọn wò. Wọn kò rí àrùn kan tí ẹ̀rí tí ó ṣe é gbára lé fi hàn pé ó ń wò.

Ti akika ńkọ́? Ẹ wo èékánná ọwọ́ yín. Ohun tí a fi dá a náà ni a fi dá ìpẹ́ akika. Ẹni tí ó lọ ìpẹ́ fún aboyún tí ń rọbí fún un ní ohun tí ó wà ní ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, àkókò tí ì bá fi dé ilé ìwòsàn sì ti lọ. Èyí ni ó dùn wá jù nínú ọ̀ràn náà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, àwọn aṣọ́bodè ṣí kọ̀ǹténà kan ní Àpápá. Ìwé rẹ̀ wí pé ohun èlò àga àti tábìlì ni. Orílẹ̀-èdè Vietnam ni ó ń lọ. Wọ́n bá àpò ìpẹ́ akika 162 níbẹ̀, pẹ̀lú àpò 57 mìíràn tí eyín erin àti egungun kìnnìún wà nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ wọn kìló 8,800. Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté ń gbé. Orúkọ ìlú náà wí pé ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n irú ajé yìí ń kọjá lọ ni.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà. Ní 2016, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fi òwò akika láàárín ara wọn dè, irú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí ó wà láyé. Ní 2020 ìjọba Ṣáínà pàápàá yọ ìpẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ìwé oògùn ìlú wọn.

Ìká ara jọ tí ó ń gbà á lọ́wọ́ ẹkùn kò gbà á lọ́wọ́ wa. Kò ní sá, kò ní jà; ọdẹ kan bẹ̀rẹ̀, ó gbé e bí ẹni gbé òṣùká, ó jù ú sínú àpò. Ọmọ kan ṣoṣo ni abo akika sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan.